Ẹ̀FẸ̀ KÌ Í ṢE ERÉ LÁSÁN: OHUN TÍ Ó Ń PA ỌMỌ YORÙBÁ LẸ́RÌN-ÍN

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àṣà Yorùbá nínú ìwé ìròyìn bí irú èyí, orí ìkíni, aṣọ, oúnjẹ àti orúkọ ni a sábà máa ń dá ọ̀rọ̀ lé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a ń ṣe lójoojúmọ́ tí a kì í kà sí ẹ̀kọ́ rárá. Ohun náà ni ẹ̀rín. Kí ni ó ń pa wá lẹ́rìn-ín? Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kan náà fi ń dùn bí ó bá ti ẹnu ẹnì kan jáde, tí ó sì ń dunni bí ó bá ti ẹnu ẹlòmíràn wá?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a bí tàbí tí a tọ́ sí Òkè Ọya àti àwọn ibòmíràn tí ó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbọ́ Yorùbá tí a fi ń ra ọjà, tí a sì fi ń kí òbí. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà bá jókòó níbi ìsọmọlórúkọ, tí ẹnì kan sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, tí gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín, àwa náà a bá wọn rín, lẹ́yìn náà a ó wá máa wo ojú ara wa pé: kí ni wọ́n sọ? Ẹ̀fẹ̀ ni ó máa ń gbẹ̀yìn nínú ohun tí àjèjì ń gbọ́ nínú èdè. Òun náà ni ó sì yẹ kí ọmọ onílé kọ́kọ́ gbọ́.

Kí ni à ń pè ní ẹ̀fẹ̀?

Èdè wa kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ohun tí ó ń pani lẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fi ọgbọ́n gbé kalẹ̀, tí ẹni tí a sọ ọ́ sí pàápàá lè bá wa rín. Àwàdà fẹ̀ jù ú lọ: ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ìṣesí wà níbẹ̀, aṣọ àti ìrìn pẹ̀lú. Àpárá ni èyí tí ọ̀rẹ́ ń bá ọ̀rẹ́ dá. Yẹ̀yẹ́ ti ń sún mọ́ ibi tí ó gbóná. Ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lè má rẹ́rìn-ín rárá. Bí ó bá wá di ẹ̀sín, ìtìjú ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lónìí kí ó di ẹ̀sín lọ́la. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ipò tí ẹni tí a sọ ọ́ sí wà. Ṣé ó wà láàrin àwọn tí ń rín, àbí òun nìkan ni a tì síta? Ìbéèrè yìí ni a ó máa gbé kiri títí a ó fi parí ọ̀rọ̀ wa.

Bí ẹ̀fẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀nà tí ẹ̀fẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n a ó mẹ́nu ba mẹ́ta.

(a) Ọ̀rọ̀ tí ó yà sí ibi tí a kò rò. Ẹ̀rín sábà máa ń jáde nígbà tí ọkàn wa ti ń bá ọ̀nà kan lọ, tí ọ̀rọ̀ sì yà bàrá sí òmíràn láìmú ewu lọ́wọ́. Bí a bá bá ènìyàn nídìí oúnjẹ, tí ó ní, "Ẹ wá bá wa jẹun," gbogbo ilé ni ó mọ èsì rẹ̀: "Ẹ ṣé o, á gba ibi ire." Ọmọ tí ó dàgbà sí ìdálẹ̀ lè má mọ̀. Ó lè béèrè omi ìṣanwọ́, kí ó sì jókòó ti abọ́ náà. Gbogbo ilé á rín. Oúnjẹ kọ́ ni wọ́n ń rín. Ohun tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni pé gbogbo wọn mọ òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí, ọmọ náà nìkan ni ó gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

(b) Ohùn. Èdè olóhùn ni èdè wa, ẹ̀fẹ̀ sì máa ń sá pamọ́ sínú ohùn. Ọkọ ni ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó. Ọkọ́ ni a fi ń ro oko. Ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò. Ọ̀kọ̀ ni àwọn jagunjagun ń jù. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọbìnrin kan tí ó ti Kánò wá kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fẹ́ ra ọkọ́ fún bàbá rẹ̀ tí ó ń dáko lẹ́yìn ilé. Ó ní, "Mọ̀mí, mo fẹ́ lọ ra ọkọ lọ́jà." Ìyá náà dìde. Ó ní, "Ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á? Dúró kí n wé gèlè mi, a jọ ń lọ ni!" Ilé bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìyá sọ fún un pé, "Ọkọ́ ni, ọmọ mi. Gbé e sókè." A ó padà sórí ìyá yìí láìpẹ́.

(d) Ohun tí a mọ̀ tí ẹni inú ìtàn kò mọ̀. Ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá nílé àna rẹ̀. Ó jí oúnjẹ gbígbóná, ó dà á sínú fìlà, ó sì dé e mọ́rí. Àwọn àna ń sìn ín sọ́nà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ń kí i, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dá a dúró. Òun ń wá bí yóò ṣe yára lọ. Àwa tí a ń gbọ́ àlọ́ mọ ohun tí ó wà lábẹ́ fìlà. Àwọn àna kò mọ̀. Bí ọ̀wọ̀ wọn ti ń pọ̀ sí i ni orí Ìjàpá ń jó sí i, ni ẹ̀rín wa náà sì ń pọ̀ sí i. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ọmọdé nípa olè àti ọ̀kánjúwà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ó gbé ẹ̀kọ́ náà dé inú rẹ̀. Ọmọ tí a bá na ní pàṣán lè gbàgbé. Orí Ìjàpá tí ó pá kò ṣeé gbàgbé.

Ohun kan so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ gan-an ni ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ó ń gbọ́ ni ó ń fi ìmọ̀ tirẹ̀ parí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀fẹ̀ tí a bá túmọ̀ fi máa ń kú.

Ẹ̀fẹ̀ nínú ìwé

Bí a bá fẹ́ rí ẹ̀fẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ wa, ọ̀dọ̀ D. O. Fágúnwà ni ó dára kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938. Ìwé ẹ̀rù ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àti ẹ̀rín jọ ń gbé inú rẹ̀. Agbákò tí ó ní ojú mẹ́rìndínlógún yẹ kí ó bani lẹ́rù. Ó sì ń bani lẹ́rù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí Fágúnwà bá bẹ̀rẹ̀ sí í to àbùdá iwin kan lé òmíràn lórí, imú, eyín, ìdọ̀tí ara, ó máa ń pọ̀ dé ibi tí ẹ̀rù yóò ti rẹ òǹkàwé, tí ẹ̀rín yóò sì gba ipò rẹ̀. Àsọdùn ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ọkàn tí ó ti rẹ́rìn-ín díẹ̀ yóò lágbára láti tún bẹ̀rù ní ojú ewé tí ó kàn.

Nínú Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, tí ó jáde ní 1954, ó mú wa dé ìlú Èdìdàrẹ́, níbi tí Òmùgọ̀diméjì ti jẹ ọba. Ẹ tún orúkọ náà pè kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa: òmùgọ̀ tí ó ti di méjì! Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò kà á bí orúkọ lásán. Ọmọ Yorùbá ti rẹ́rìn-ín kí ọba náà tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín, ìbéèrè kan a máa kù sílẹ̀: bí orí ìlú bá gọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ara? Òǹkọ̀wé kò dárúkọ ìjòyè kankan, kò sì bú ìjọba kankan. Olúkúlùkù ni ó ń fi ìlú tirẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀fẹ̀ ní agbo eré

Kí ìwé tó dé ni ẹ̀fẹ̀ ti wà lójú agbo. Láàrin àwọn ará Kétu, àwọn Yewa tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀, àti àwọn aládùúgbò wọn, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ eré tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Òru tí ó ṣáájú ijó ọ̀sán ni wọ́n ń pè ní ẹ̀fẹ̀. Ní òru yìí, ọ̀kọrin tí ó gbé agọ̀ wọ̀ yóò dúró ní gbangba ọjà, yóò sì kọrin nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú: olójúkòkòrò, ẹni tí ó kó owó ẹgbẹ́ jẹ, ìjòyè tí kò ṣe déédéé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kò gbọdọ̀ bá a jà. Àṣà ti fún ọ̀kọrin ní ààyè, agọ̀ sì bo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìbá di ìjà ní ọ̀sán a máa di ẹ̀rín ní òru, ẹni tí ó ṣẹ̀ á sì gbọ́ ohun tí ìlú ń rò nípa rẹ̀. Ní 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó jẹ́ ohun àjogúnbá fún gbogbo ayé, ní orúkọ orílẹ̀-èdè Benin, Nàìjíríà àti Tógò.

Àwọn eégún alárìnjó náà ní tiwọn. Iṣẹ́ wọn ni ìsínjẹ: wọ́n ń sín Tápà jẹ, wọ́n ń sín Gàm̀bàrí jẹ, wọ́n sì ń sín òyìnbó náà jẹ. Ní 1826, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Hugh Clapperton, dé Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì ṣe eré fún un níbẹ̀. Bí eré ti ń lọ, àwòrán òyìnbó jáde láti inú agọ̀. Ó funfun, ó rù, ó ń ṣe bí ẹni tí òtútù ń mú. Ó ń fín aáṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Àwọn èrò ń yíjú sí Clapperton, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wò ó dáadáa. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí i tó tiwọn, ó sì yin òṣèré náà.

Ẹ wo ohun tí ó wà níbẹ̀. Àlejò ọba ni, wọn kò lè bú u. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìsínjẹ sọ fún un pé àwọn náà ń wò ó bí ó ti ń wo àwọn. Wọn kò sì rín in lẹ́yìn; wọ́n pè é wá sínú ẹ̀rín náà.

Ní ayé tiwa, ta ni yóò sọ̀rọ̀ àwàdà tí kò ní dárúkọ Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá? A bí i ní 1936, ó sì di olóògbé ní 2018. Kí ó tó sọ̀rọ̀ ni aṣọ rẹ̀ ti sọ tirẹ̀: awò ojú gbàǹgbà, táì aláfẹ́fẹ́ tí ó fẹ̀ kọjá ọrùn, aago ńlá tí ó yẹ kí ó wà lára ògiri. Gbogbo ohun tí ọ̀làjú fi ń ṣe fáàrí wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó bá a mu. Ta ni a ń rín gan-an? Ara wa ni, àwa tí a ń wọ ohun tí ó ju wá lọ kí àwọn ènìyàn lè pè wá ní ọ̀gá. Fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru jáde ní 1982. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fídíò, wọ́n ń tà á, ó sì pàdánù owó púpọ̀. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ àwàdà sílẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Ẹ̀fẹ̀ nínú ilé àti lóde

Nínú agboolé, ìyàwó kì í pe àwọn tí ó bá nílé ọkọ ní orúkọ wọn, títí dé orí ọmọ kékeré tí wọ́n bí ṣáájú kí ó tó dé. Yóò fún wọn ní orúkọ tirẹ̀: Adúmáadán, Ẹyínfúnjowó, Ìbàdíàrán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá sanra tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń fẹ̀gbẹ́ wọ ilé, ta ni yóò sọ pé ìyàwó hùwà àfojúdi? Ó ṣáà yìn ín ni!

Níbi ìdána, alága ìdúró ń sọ̀rọ̀ fún ìdílé ọkọ, alága ìjókòó sì ń sọ̀rọ̀ fún ìdílé ìyàwó. Àwọn méjèèjì á máa fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn. Ọkọ ìyàwó á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní àyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀, kí ó tún un ṣe. Wọ́n á bu owó ìtanràn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ á di ọmọdé fún wákàtí kan. Eré ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún ọkọ pé àwọn tí ó bí ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ìdílé méjì tí kò mọ ara wọn rí jọ rín kí wọ́n tó jọ jẹun.

Láàrin ẹ̀yà Yorùbá náà, a ń fi ara wa ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ tí wọ́n fún àwọn Ìjẹ̀ṣà: Òṣómàáàlò. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà máa ń gbé aṣọ káàkiri ìlú, wọ́n ń tà á ní àwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, tí onígbèsè bá ní kí wọ́n jókòó, wọn kì í jókòó. Wọ́n á ní òṣó ni àwọn ó ló títí àwọn ó fi gba owó àwọn. Àwọn onígbèsè ni wọ́n fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn Ìjẹ̀ṣà gbà á, wọ́n sì ń fi yangàn títí di òní, nítorí ó ń sọ pé akíkanjú oníṣòwò ni wọ́n. Ẹni tí ó bá lè gba orúkọ yẹ̀yẹ́ mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ti gba pàṣán lọ́wọ́ ẹni tí ń nà án.

Àwọn aládùúgbò wa ní Òkè Ọya náà ní irú ẹ̀. Ará Kánò àti ará Zaria, ará Katsina àti ará Gobir, Fúlàní àti Kànúrí, wọ́n máa ń sọ ọ̀rọ̀ sí ara wọn tí ẹlòmíràn kò jẹ́ sọ láìdá ìjà sílẹ̀. Àṣà ni ó fún wọn ní àṣẹ. Èyí fi hàn pé níbi gbogbo, ẹ̀fẹ̀ ní ẹni tí ó ni ín.

Ààlà ẹ̀fẹ̀, àti àwa nínú ọgbà yìí

Ibi tí a ń lọ nìyí. Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ ọdún kìíní kan tí ó wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Wọ́n tọ́ ọ sí ìdálẹ̀, ohùn Hausa wà lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tí yóò gbé ẹgbẹ́ lọ sóde, ó pè é ní ọkọ. Gbogbo yàrá hó. Nígbà àkọ́kọ́, ó bá wọn rín. Nígbà kejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà kẹta, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ̀rọ̀. Nígbà kẹrin, kò wá mọ́. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ kí Yorùbá má baà parun lẹ́nu wa ti pa á lẹ́nu ẹnì kan.

Ṣé àṣìṣe náà kò pani lẹ́rìn-ín ni? Ó pani lẹ́rìn-ín. Àṣìṣe kan náà ni ọmọ tí ó fẹ́ ra ọkọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wé gèlè, ó bá a wọ inú ẹ̀fẹ̀ náà, ó sì fún un ní ohùn tí ó tọ́ kí ẹ̀rín tó tán. Àwọn ará yàrá ìpàdé dúró sí òdì kejì, wọ́n rín ọmọ náà níta. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ìyá lo ọwọ́ méjèèjì. Àwọn ará yàrá lo ọwọ́ òsì nìkan.

Nítorí náà, kí a tó dá àpárá, ó yẹ kí a wo ohun méjì. Èkíní, ṣé ìwà ni a ń rín, tàbí ohun tí ẹni náà kò yàn fúnra rẹ̀? Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń rín ẹni tí ó kó owó ẹgbẹ́ jẹ nítorí ó lè jáwọ́. A kì í ka ìka ẹsẹ̀ onímẹ́sàn-án lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó yan ìlú tí wọ́n bí i sí. Èkejì, ṣé ọ̀nà wà tí ẹni náà lè gbà fèsì? Àpárá tí ẹnì kan ṣoṣo ń dá, tí gbogbo ìyókù ń gbè é, ti kúrò ní àpárá. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

Ìkádìí

A ti rí i pé ẹ̀fẹ̀ ń kọ́ ọmọdé, ó ń bá ọba wí, ó ń so ìdílé pọ̀, ó sì ń gba ẹ̀dùn lọ́kàn ẹni tí ó pàdánù. Ó lè ṣe gbogbo èyí nítorí pé ó ń pe àwọn tí ó gbọ́ ọ wá sínú agbo kan náà. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ kọ́ ọ. Bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, tí àwọn àgbà bá rín, ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin bàbá, kí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn?" Inú wọn yóò dùn láti túmọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sì padà wá sí ọgbà, tí ọmọ tuntun bá ṣi ohùn pè nínú ìpàdé, ẹ rántí ìyá tí ó wé gèlè.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé wa tí ó ń bọ̀:
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀fẹ̀, yẹ̀yẹ́ àti ẹ̀sín? Ẹ fi àpẹẹrẹ láti inú ọgbà yìí gbe ìdáhùn yín lẹ́sẹ̀.
2. Bí ẹgbẹ́ wa bá ní òru ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀, irú ìwà wo ni ó yẹ kí a fi kọrin?
3. Ẹ mú ẹ̀fẹ̀ kan wá láti ìlú bàbá tàbí ìyá yín, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tí olùgbọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó lè rín.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí a máa rí ohun ẹ̀rín rín o. Àṣẹ.